Àtẹ́lẹsẹ̀ Tí A Kì í Wò

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ fò ó kọjá. Bí ẹ bá dárúkọ jẹjẹrẹ ọyàn tàbí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní Oníyanrìn níbi tí mò ń gbé, tàbí ní Bẹẹrẹ, tàbí ní Ọjàaba, kò sí ẹni tí yóò bi yín pé kí ni ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ jẹjẹrẹ awọ ara, kí ẹ sì gbọ́ èsì tí wọn yóò fọ̀: "Àìsàn òyìnbó nìyẹn. Oòrùn ni kò bá wọn lára mu." Ẹni tó bá gbìyànjú jù yóò fi àfín kún un.

Òtítọ́ wà nínú èsì yìí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Aró dúdú tí Ọlọ́run fi sí awọ ara wa, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní mẹ́lánììnì, ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Àwọn àfín kò ní in tó. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ ara fi ń yọ wọ́n lẹ́nu púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ìdí náà sì nìyẹn tí fìlà gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn fi jẹ́ ojúṣe òbí tó bí wọn, tí kì í ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n irú jẹjẹrẹ awọ ara kan wà tí kò ka oòrùn sí rárá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó máa ń yọ sí, tàbí àtẹ́lẹwọ́, tàbí abẹ́ èékánná. Ibi tí oòrùn kì í sábà dé ni ibùgbé rẹ̀. Nítorí náà, dídúdú tí a dúdú kò lè dí i lọ́nà.

Mẹlanóómà ni orúkọ ìdílé tí àìsàn yìí ti wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń po aró dúdú náà fúnra wọn ni wọ́n ń ya ọlọ̀tẹ̀, tí wọ́n ń bí sí i láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ara, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti ṣí lọ sí ibòmíràn. Èyí tó ń yọ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ka iye rẹ̀, kò pé ènìyàn 2 nínú mílíọ̀nù kan tí ó ń mú lọ́dún, iye náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn òyìnbó tún ní oríṣi mẹlanóómà mìíràn rẹpẹtẹ, tí oòrùn ń fà sí ẹ̀yìn, sí apá àti sí ojúgun wọn. Àwọn yẹn kì í sábà mú àwa. Bí mẹlanóómà bá wá mú aláwọ̀ dúdú, ẹsẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí a wá a lọ.

Kì í ṣe òní ni wọ́n mọ èyí ní Ìbàdàn. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1957. Bí a bá kúrò ní Oníyanrìn, tí a gba Mọ́kọ́lá kọjá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Ní ọdún 1969, àwọn dókítà mẹ́ta, J. O. Oluwasanmi, A. O. Williams àti A. F. Alli, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ jẹjẹrẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àwọn jẹjẹrẹ tó ń yọ sí òde ara àwọn ọmọ Nàìjíríà. Iṣẹ́ wọn, àti àwọn mìíràn tó tẹ̀lé e, fi hàn pé ẹsẹ̀ ni mẹlanóómà ti máa ń yọ lára wa jù lọ. Ó ti lé ní 50 ọdún tí ìmọ̀ yìí ti wà nítòsí wa, ṣùgbọ́n kò tíì rìn dé agbo ilé.

Ẹni tí àìsàn yìí pa tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Bob Marley, olórin régè ọmọ Jàmáíkà. Ní ọdún 1977, wọ́n rí mẹlanóómà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù púpọ̀, ó sì ti fara pa lẹ́sẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù, nítorí náà ó rọrùn láti gbà pé ọgbẹ́ pápá lásán ni. Àwọn dókítà gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ náà. Kò gbà, ẹ̀sìn Rasta tó ń ṣe sì wà lára ìdí tí wọ́n máa ń sọ pé ó fi kọ̀. Iṣẹ́ abẹ tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì fi awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ lẹ ojú ibẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ó ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń sáré ìdárayá ní New York, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àìsàn náà ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ó gba ìtọ́jú lọ sí Jámánì. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ó kú ní Miami, ẹni ọdún 36. Bóyá gígé ìka yẹn ìbá gbà á là, kò sí ẹni tó lè búra sí i. Ohun tó dájú ni pé ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín ìka ẹsẹ̀ kan àti ikú.

Nígbà tí dókítà bá sọ pé jẹjẹrẹ ni, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni pé, "Ṣé yóò yè é?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ó ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 1970, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alexander Breslow fi hàn pé jíjìn tí mẹlanóómà bá ti jìn sínú awọ ara, tí a fi mílímítà wọ̀n lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ni ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí ju bí ó ṣe fẹ̀ tó lójú lọ. Èyí tí kò tíì ju mílímítà 1 lọ sàn púpọ̀púpọ̀ ju èyí tó ti kọjá mílímítà 4. Wọn yóò tún wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti di egbò. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò wo àwọn kókó kéékèèké tó ń ṣọ́ ara wa lábẹ́ itan tàbí ní abíyá, nítorí ibẹ̀ ni ó sábà máa ń yà sí kí ó tó lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye ṣàlàyé. Nínú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà lórí mẹlanóómà lápapọ̀, bí àìsàn náà kò bá tíì kúrò lójú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó ní in ni kò ní pa láàárín ọdún 5. Bó bá ti dé àwọn kókó itòsí, nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 4 ló ń là á já fún ọdún 5. Bó bá ti dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 3 ni. Ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ le ju àwọn yòókù lọ: nínú àwọn tí wọ́n rí i lára wọn ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1986 sí 2005, nǹkan bí 80 nínú 100 ni àìsàn náà kò pa láàárín ọdún 5, nígbà tí ti mẹlanóómà lápapọ̀ jẹ́ 91. Bó bá di ọdún 10, 80 yẹn ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 67. Ara ìdí rẹ̀ ni ìwà àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ara ìdí rẹ̀ sì ni pé a kì í tètè rí i. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Síbẹ̀, iye kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ròyìn, kò mọ orúkọ ẹni tó jókòó síwájú dókítà. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa ni pé ó ń fi ibi tí agbára wà hàn wá: agbára náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ṣì jẹ́ àmì dúdú kékeré tí kò dun ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa rí, ni mo ṣe lè sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, kò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá wọn gé èékánná ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo gbé ẹsẹ̀ òsì wọn lé itan mi, mo sì rí àmì dúdú kan ní gìgísẹ̀, ní abẹ́ pátápátá. Ó tó èékánná àtàǹpàkò mi. Etí rẹ̀ rí págunpàgun, apá kan dúdú bí èédú, apá kejì rẹ́súrẹ́sú.

Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ìgbà wo ni èyí ti wà níbí?"

"Èwo nínú rẹ̀? Ẹ̀gún ló gún mi níbẹ̀. Mo ti ń fi àdí sí i."

"Ìgbà wo ni ẹ̀gún náà gún yín, mà?"

Wọ́n ronú díẹ̀. "Kí àbúrò rẹ tó ṣègbéyàwó ni." Ọdún méjì àbọ̀ ti kọjá lórí ìgbéyàwó yẹn.

Nígbà tí mo ní kí a lọ sí ilé-ìwòsàn, ojú wọn yí padà. "Wọn yóò gé ẹsẹ̀ mi. Odindi ni mo wá sáyé, odindi ni n óò lọ." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń fi ẹ̀rín fèsì sí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, bí a bá lọ lónìí, ohun kékeré ni wọn yóò gé. Bí a bá dúró, àìsàn náà ni yóò yan ibi tí wọn yóò gé fún wa." Wọ́n dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bá àwọn mú gèlè wá láti inú yàrá.

Dókítà gé díẹ̀ nínú ẹran ara ibẹ̀ fún àyẹ̀wò. A dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èsì tó jáde. Mẹlanóómà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì jìn tó mílímítà 1. Wọ́n gé ojú ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú awọ tó dára yíká rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1, wọ́n sì bu awọ láti itan wọn lẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ náà wà ní odindi. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n sì ń lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń lọ fi ara hàn dókítà, tí yóò wo ẹsẹ̀ náà, tí yóò sì fọwọ́ tẹ abẹ́ itan wọn bóyá kókó kankan ń yọ. N kò ní sọ fún yín pé ó ti tán. Àwọn dókítà pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni olórí ìtọ́jú àìsàn yìí, kò sì tíì sí ohun tó gba ipò rẹ̀. Bí ó bá ṣe jìn tó ni awọ tí wọn yóò gé yíká rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó: sẹ̀ǹtímítà 1 fún èyí tí kò ju mílímítà 1 lọ, sẹ̀ǹtímítà 2 fún èyí tó ti kọjá mílímítà 2. Bó bá jẹ́ abẹ́ èékánná ni, nígbà mìíràn ó lè gba pé kí wọ́n gé díẹ̀ lára ìka. Bí ó bá ti jìn díẹ̀, wọ́n lè yọ kókó àkọ́kọ́ tí àìsàn náà lè yà sí, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ti débẹ̀.

Fún èyí tó ti tàn káàkiri, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí oògùn kan gbòógì. Oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975 ni wọ́n ṣì ń lò ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìba díẹ̀ ni ó sì ń ràn lọ́wọ́. Ìyípadà dé ní ọdún 2011, nígbà tí oògùn ipilimumab jáde. Ní 2014, pembrolizumab àti nivolumab tẹ̀lé e. Àwọn oògùn wọ̀nyí kì í dojú kọ jẹjẹrẹ náà fúnra wọn. Àwọn ọmọ ogun inú ara wa ni wọ́n ń tú ìjánu kúrò lẹ́nu wọn, kí wọ́n lè bá a jà. James Allison ti Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ti Japan gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2018 fún ìmọ̀ tó bí wọn. Ní ọdún 2015, Jimmy Carter tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí kéde pé mẹlanóómà ti dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ òun. Ẹni 90 ọdún ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní pembrolizumab. Kí ọdún náà tó parí, àyẹ̀wò kò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Oṣù kejìlá ọdún 2024 ni ó tó jáde láyé, lẹ́ni 100 ọdún. Ọpọlọ ni àìsàn náà dé lára Marley, ọpọlọ náà ni ó dé lára Carter. Ọdún 35 tó wà láàárín wọn ni ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Àwọn oògùn tuntun wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́ lára mẹlanóómà ẹsẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lára èyí tí oòrùn fà, owó wọn sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ ní ilẹ̀ yìí. Ohun tó sún mọ́ wa ni abẹ kékeré tí a tètè lò. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Kí ni kí á máa wò? Àmì dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ tuntun ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́, tàbí ti àtijọ́ tó ń fẹ̀ sí i. Àmì tí etí rẹ̀ kò gún, tí àwọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Egbò tàbí kókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí a ti tọ́jú fún oṣù méjì tí kò jinná. Ẹ rántí pé nígbà mìíràn kì í dúdú rárá, a máa pọ́n bí egbò lásán. Ní ti èékánná, ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá bó bá wà lórí èékánná púpọ̀. Kò yẹ kí ìyẹn dá ẹ̀rù bà yín. Èyí tó yẹ kí dókítà rí ni ilà kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ń tàn sí awọ tó yí èékánná náà ká.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má ṣe fi abẹ fá a, ẹ má ṣe da omi bátìrì sí i. Ẹ gba ilé-ìwòsàn lọ, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i. Bí wọ́n bá gé ohunkóhun kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe dà á nù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, nítorí èsì yẹn nìkan ni yóò sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì tí ẹ óò rí kò ní jẹ́ nǹkan kan: ẹ̀jẹ̀ tó dì, tàbí àmì àbímọ́ni. Ìgbà tí dókítà bá wí bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa bá ayé yín lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa ọ̀dọ́ ni a sún mọ́ ẹsẹ̀ àwọn àgbà jù lọ. A ń kúnlẹ̀ síbẹ̀, a ń dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lójoojúmọ́. Òkè ẹsẹ̀ nìkan ni a sì ń rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń bẹ̀ yín fún lálẹ́ òní: ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ sọ fún bàbá tàbí ìyá yín pé ẹ fẹ́ bá wọn fọ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì yí tiyín náà sókè.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí a fi ara ṣàìsàn.